Ìṣirò Ogún: Ẹ Má Tètè Gé Nọ́ńbà Kúrú

Kì í ṣe gbogbo ìjà ogún ni ojúkòkòrò ń fà. Nígbà mìíràn, nọ́ńbà tí a gé kúrú ló ń dá a sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká sọ pé bàbá kan tó ní ilé ní OPIC Estate, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, jáde láyé. Ó fi ìyàwó kan, ìyá rẹ̀ àti ọmọkùnrin kan ṣoṣo sílẹ̀. Bàbá tirẹ̀ ti kú ṣáájú. Wọ́n ta ilé náà. Lẹ́yìn ìnáwó ìsìnkú, gbèsè àti wasíyyà, ó ku mílíọ̀nù 50 náírà. Nínú òfin ogún Ìsìláàmù, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó, ìdá kan nínú mẹ́fà ni ti ìyá, ọmọ ló ni ìyókù.

Ẹni tó ń ṣírò pín 1 sí ọ̀nà 8, ó rí 0.125, ó kọ 0.13. Ó pín 1 sí ọ̀nà 6, ó rí 0.1666, ó kọ 0.17. Ìyàwó gba 6,500,000, ìyá gba 8,500,000, ọmọ gba 35,000,000. Bẹ́ẹ̀, ìpín wọn gan-an ni 6,250,000, 8,333,333.33 àti 35,416,666.67. Náírà 416,666.67 ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ òrukàn, kò sì sí ẹni tó jí i.

Kọ̀ǹpútà pàápàá máa ń gé nọ́ńbà. Òdo àti ení nìkan ló fi ń kà. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta kò ṣe lópin tí a bá kọ ọ́ ní 0.333, bẹ́ẹ̀ ni ìdá kan nínú mẹ́wàá kò lópin lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí Python fi ń dáhùn pé 0.1 àti 0.2 jẹ́ 0.30000000000000004.

Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ṣe ètò ìṣirò tó péye jù bẹ́ẹ̀ lọ fún kọ̀ǹpútà. SpeedCrunch jẹ́ ọ̀kan: ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows àti Linux, ó sì lè gbé nọ́ńbà tó tó 50 jáde.

Àmọ́ bó ti wù kí ètò náà péye tó, ẹni tó bá tẹ 0.17 sínú rẹ̀ ti ṣì í ṣe. Ẹ fi ìdá sílẹ̀ bó ṣe wà. Mẹ́jọ àti mẹ́fà pàdé nínú 24: ìyàwó ní 3, ìyá ní 4, ọmọ ní 17. Ẹ kọ́kọ́ sọ owó náà di ìlọ́po 4, kí ẹ tó pín in sí ọ̀nà 24 fún ìyá. Ìgbẹ̀yìn nìkan ni kí ẹ gé kọ́bọ̀.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 820, al-Khwarizmi kọ ìwé áljẹ́brà rẹ̀ ní Baghdad, ìṣirò ogún sì gba apá ńlá nínú rẹ̀.

Kí owó tó kúrò nílẹ̀, ẹ ro gbogbo ìpín pọ̀. Tí kò bá bá owó tí ẹ fẹ́ pín mu, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì gbé e lọ bá ààfáà tó mọ ìmọ̀ ogún.