Èrìgì Ìkẹyìn àti Ohun tí ó Yí I Ká

Èrìgì tí ó ń yọ kẹ́yìn, láàárín ọdún 17 sí 25, a sábà máa bá àyè híhá pàdé ní ìpẹ̀kun párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀. Òmíràn tilẹ̀ dùbúlẹ̀ sínú egungun. Lẹ́bàá gbòǹgbò rẹ̀ ni iṣan ìmọ̀lára kan ń gba inú egungun kọjá, èyí tí ètè ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n fi ń mọ ìfọwọ́kàn. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe ń kọ́kọ́ ya àwòrán egungun. Iṣan ti ahọ́n kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀: ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó bò ó. Nítorí náà ìhà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni oníṣẹ́ abẹ ń là, kì í ṣe ìhà ahọ́n.

Ṣùgbọ́n ọyún ni ó burú jù. Gbòǹgbò yìí sábà máa ń jìn kọjá ibi tí ẹran ilẹ̀ ẹnu ti so mọ́ egungun, ọyún rẹ̀ a sì sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, ó sì lè dí ọ̀nà èémí. Ará Festac Town tàbí Amuwo-Odofin tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú, tí kò lè gbé itọ́ mì, kí ó má ṣe jókòó ti oògùn ìrora. Ní ọjọ́ náà gan-an ni kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Ìdí-Àràbà, níbi tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹnu wà.