Ìwakùn Ilẹ̀kùn

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra àgádágodo fún ilẹ̀kùn rẹ̀ a máa yẹ̀ ẹ́ wò tinú-tẹ̀yìn, a sì máa bèèrè bóyá olè lè gé e. Ìwakùn, tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń pè ní híńjì, kì í gba irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, òun ni ilẹ̀kùn fi rọ̀, olè sì lè ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọlé láì fọwọ́ kan àgádágodo.

Ní ayé àtijọ́, ara igi ilẹ̀kùn gan-an ni àwọn àgbà ti ń gbẹ́ ìwakùn. Wọn a jẹ́ kí orí kékeré yọ ní igun òkè àti ti ìsàlẹ̀, wọn a sì kì í bọ inú ihò tí ó ti lè máa yí. Ìwakùn òde òní jẹ́ abala irin pẹlẹbẹ méjì tí ọ̀pá tín-ín-rín kan so pọ̀ ní oríkèé.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ní láti wò ni ìhà tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí. Ní ọjà Computer Village ní Ìkẹjà, ilé gbígbé ni ọ̀pọ̀ ilé tí ó wà ní òpópónà Otigba àti àyíká rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí a tó sọ wọ́n di ṣọ́ọ̀bù ní àwọn ọdún 1990. Níbi tí ṣọ́ọ̀bù bá ti há, síta ni ilẹ̀kùn í ṣí, ìta náà ni oríkèé ìwakùn í sì wà. Bí olè bá lu ọ̀pá inú rẹ̀ jáde, ilẹ̀kùn lè yọ nígbà tí àgádágodo ṣì wà ní títì. Ìwakùn tí ọ̀pá rẹ̀ kò ṣeé yọ ni ó yẹ irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì ni ìwúwo. Ìwakùn òkè ni ilẹ̀kùn ń fà, ti ìsàlẹ̀ ni ó ń tì. Méjì tó fún ilẹ̀kùn fífúyẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó wúwo ń fẹ́ mẹ́ta. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò tẹ̀, yóò sì máa ha ilẹ̀.

Ohun kẹta ni omi àti ọ̀rinrin. Ìpáàrà a máa tètè jẹ irin lásán ní ìlú Èkó, nítorí náà idẹ tàbí irin tí kì í ní ìpáàrà ni ó yẹ ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná.

Ti kọ́bọ́ọ̀dù yàtọ̀. Inú ni a ń fi èyí tí ó wọ́pọ̀ lónìí pamọ́ sí. Ihò rìbìtì tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 35 ni a ń gbẹ́ fún un lẹ́yìn pákó. Ó dára, nítorí pé a lè fi síkúrù tún un ṣe bí ilẹ̀kùn bá wọ́. Ṣùgbọ́n pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè gbà á, pákó tí a fi ẹ̀rúnrún igi ṣe sì lè wú bí omi bá kàn án, kí síkúrù sì tú.

Àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà alágbèéká ṣe ní ọjà kan náà mọ ẹ̀kọ́ yìí dáadáa. Ìwakùn kọ̀ǹpútà ní láti le díẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè dúró níbikíbi tí a bá gbé e sí. Bí ó bá le jù, tí a sì fi agbára ṣí i, kì í ṣe irin ni yóò ṣẹ́, bí kò ṣe ike tí a dè é mọ́.

Kì í ṣe ìwakùn tí ó wọ́n jù ni ó dára jù, bí kò ṣe èyí tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Kí ẹni tí yóò rà á tó sanwó, kí ó mọ ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí, bí ó ti wúwo tó, bóyá omi yóò kàn án, àti irú pákó tí yóò gbà á. Àgádágodo tí ó lágbára lórí ìwakùn tí kò dára, asán ni.