Ìdákẹ́ Tí Ó Sọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ ìwé àkọsílẹ̀ ni mo bá wá lónìí: bí ènìyàn ṣe ń fi ọgbọ́n orí mọ ohun tí ìwé kò sọ, àti bí ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe lè pa àṣírí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ilé ìwòsàn kékeré kan ní Òde Mahin, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Nọ́ọ̀sì ní ìwé ńlá tí ó ń kọ orúkọ aláìsàn sí. Omi ti ba ojú ìwé mélòó kan jẹ́. Ẹni tí ó bá mọ etí òkun wa kò ní bèèrè bí omi ṣe dé ibẹ̀. Ẹnì kan yọjú wo ìwé náà, kò rí orúkọ Ìyá Ẹlẹ́ja, ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́ja kò ní ikọ́ ife." Ǹjẹ́ ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́? Rárá o. Orúkọ náà lè wà níbi tí omi ti bàjẹ́. "N kò rí i" yàtọ̀ sí "kò sí". Ní ọdún 1978 ni Raymond Reiter, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí fún àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àkọsílẹ̀: ìwé kan wà tí ohun tí kò sí nínú rẹ̀ kò sí rárá, òmíràn sì wà tí a kò gbọdọ̀ kà bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, nọ́ọ̀sì pinnu pé òun yóò pa àṣírí mọ́. Bí ẹnì kan kò bá ní àìsàn náà, yóò sọ pé kò ní in, bí ó bá ní in, yóò ní, "N kò ní sọ." Aládùúgbò kan dé. Ó bèèrè Bàbá Ọlọ́kọ̀. "Kò ní in." Ó bèèrè Ìyá Ẹlẹ́ja. "N kò ní sọ." Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí ẹni tí yóò ra ẹja lọ́wọ́ ìyá náà mọ́. Bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì kò sọ nǹkan kan!

Ní ọdún 1983, George Sicherman, Wiebren de Jonge àti Reind van de Riet kọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí gan-an. Bí olùbéèrè bá mọ irú ohun tí a ń fi pamọ́, àfi kí a kọ̀ láti dáhùn, ìbáà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìyẹn nìkan kò sì tó. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń lo oògùn ikọ́ ife. Bí ìwé oògùn bá wà lórí tábìlì gbalasa, tí kò sì sí oògùn mìíràn níbẹ̀ tí à ń lò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó rí orúkọ ìyá náà láti oṣù Ṣẹẹrẹ dé oṣù Òkúdu ti mọ ìyókù.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, wọ́n yọ orúkọ kúrò nínú àkọsílẹ̀ ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì kó o fún àwọn olùṣèwádìí. Ní nǹkan bí ọdún 1997, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Latanya Sweeney, fi 20 dọ́là ra ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ìlú Cambridge. Ènìyàn 6 péré ni ọjọ́ ìbí wọn bá ti gómìnà William Weld mu. 3 nínú wọn ni ọkùnrin. Òun nìkan ni ó ń gbé ní àdúgbò tí àkọsílẹ̀ tọ́ka sí. Ìwé àìsàn gómìnà bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa bo ẹnì kan mọ́lẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 290,615 ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Ta ni ó lè fi ìyẹn mọ ẹnikẹ́ni? Ṣùgbọ́n kọ ọ́ pé ẹnì 1 ń ṣàìsàn ní àdúgbò onílé mẹ́rin, o ti dárúkọ rẹ̀. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 láti dáàbò bo àkọsílẹ̀ ara ẹni ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ èyí tí ó gba ìṣọ́ra jù. Ó dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè ronú fún nọ́ọ̀sì.

Nítorí náà ó tọ́ kí ó kọ̀ fún gbogbo ènìyàn, títí kan Bàbá Ọlọ́kọ̀ tí ara rẹ̀ le. Bàbá lè bínú, kí ó ní kí wọ́n fún òun ní ìwé ẹ̀rí tòun. Wọn yóò fún un. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ mú èyí lọ sí kíláàsì: bí gbogbo ará ọjà bá gba ìwé ẹ̀rí tiwọn, tí ó wá ku ẹnì kan ṣoṣo tí kò gbà, kí ni ọjà yóò sọ nípa rẹ̀?