Òru kò gba sárésáré lọ́wọ́ ooru

Aago méjìlá òru ku ìṣẹ́jú kan, lọ́jọ́ 27, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2019, nígbà tí obìnrin 68 gbéra eré máratọ́ọ̀nù ìdíje àgbáyé ní Doha, lórílẹ̀-èdè Qatar. Nítorí ooru ọ̀sán ni wọ́n ṣe sún eré náà sí òru. Síbẹ̀, ooru tó ìwọ̀n 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì lé ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn 40 péré ló parí rẹ̀. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 32 ni Ruth Chepngetich ọmọ Kẹ́ńyà fi gba ipò kìíní, bẹ́ẹ̀ wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 17 ló fi sá irú eré yìí ní Dubai nínú oṣù Kìíní ọdún náà.

Oòrùn ti wọ̀. Kí ló wá dá wọn dúró?

Inú ara gan-an ni ooru ti ń wá. Nínú agbára tí sárésáré ń ná, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń gbé ẹsẹ̀. Ooru ni ìyókù ń dà. Òógùn ni ara fi ń lé e jáde, ṣùgbọ́n èyí tó bá gbẹ kúrò lára nìkan ló ń tu ara. Bí aṣọ tí a sá lásìkò òjò ṣe ń kọ̀ tí kì í gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni òógùn ń kán sílẹ̀ lásán níbi tí ọ̀rinrin bá pọ̀ sí. Ara tún fẹ́ gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sábẹ́ awọ kó lè tutù, iṣan ẹsẹ̀ náà sì ń béèrè tirẹ̀. Omi inú ẹ̀jẹ̀ ń bá òógùn lọ. Ọkàn á wá máa sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré ẹsẹ̀ kò yá sí i.

Nítorí irú ooru Doha yìí ni ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì ṣe gbé máratọ́ọ̀nù Òlíḿpíìkì Tokyo lọ sí Sapporo, ní àríwá Japan. Ooru bá wọn débẹ̀: lọ́dún 2021, wọ́n ní láti fi wákàtí kan mú eré àwọn obìnrin ṣáájú, sí aago mẹ́fà àárọ̀.

Àmọ́ ooru máa ń mọ́ ara lára. Ẹni tó bá ń sáré jẹ́jẹ́ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á pọ̀ sí i, á tètè máa làágùn, iyọ̀ inú òógùn rẹ̀ á sì dínkù. Tó bá kúrò nínú ooru fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo rẹ̀ á tún lọ. Ní London lọ́dún 2018, ìwọ̀n 24 tí ará Ìbàdàn ń pè ní atẹ́gùn tútù ni ooru tó tíì pọ̀ jù nínú ìtàn máratọ́ọ̀nù wọn, ó sì ni àwọn èèyàn lára gan-an, torí inú òtútù ni wọ́n ti múra sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá ń ti Britain bọ̀ wá sá máratọ́ọ̀nù Èkó nínú oṣù Kejì, kó yáa dé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Ohun tó ń dùn mí ni bí a ṣe ń fi àárẹ̀ ṣe àmì akọni. Eré kọ́ ló ń kọ́ ara. Ìsinmi tó tẹ̀lé eré ni ara fi ń tún iṣan ṣe. Ẹni tí ooru òru kò jẹ́ kó sùn, tí iná ọba kò sí kí fáànù fẹ́ sí i, kò tíì tún nǹkan kan ṣe. Bí ọkàn yín bá ń lù kíkankíkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ẹ jí, tí inú ń bí yín láìnídìí, tí eré tó rọrùn níjọ́sí wá di ẹrù, ẹ jókòó sílé lọ́jọ́ náà.

Omi náà ní ìwọ̀n. Nínú sárésáré 488 tí àwọn oníṣègùn yẹ̀ wò ní Boston lọ́dún 2002, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù, àmujù omi ló sì fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ mu ún bí òǹgbẹ bá ṣe gbẹ yín.

Bí ẹ bá sì rí sárésáré tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tó ń sọ ìsọkúsọ, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, ooru inú rẹ̀ lè ti kọjá ìwọ̀n 40. Ẹ má gbé e sínú ọkọ̀ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wá dá a dúró lójú ọ̀nà. Ẹ pe oníṣègùn, kí ẹ rì í sínú omi tútù títí dé ọrùn níbi tó wà, ẹ di orí rẹ̀ mú; bí kò bá sí àgbá omi, ẹ máa da omi yìnyín sí i lára láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀yìn tí ara rẹ̀ bá tutù ni kí ẹ tó gbé e lọ sí ọsibítù.