Bọ́tìnnì tó pa ohùn 41 rẹ́

Ohùn 41 ni mo pàdánù ní Apple Junction lóṣù tó kọjá. (Kì í ṣe Apple tó ń ṣe fóònù o. Android ni gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ ń lò.) Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi dá lórí bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń pe iye owó, mo sì fi Flutter ṣe áàpù kékeré kan tí wọ́n lè fi gba ohùn ara wọn sílẹ̀.

Bọ́tìnnì kan wà nínú rẹ̀ tó ń pa gbogbo ohùn rẹ́. Èmi nìkan ni mo ṣe é fún, láti fi dán áàpù wò. Kí n tó fi áàpù ránṣẹ́ sí wọn, ó yẹ kí n yí true padà sí false nínú kóòdù. Mo gbàgbé. Ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ó bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.” Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n.

Ohun tó yẹ kí n kọ nìyí:

const bool idanwo = bool.fromEnvironment('IDANWO');

Tí mo bá fẹ́ ẹ̀dà tèmi:

flutter build apk --dart-define=IDANWO=true

Tí n kò bá fi ìparí yẹn sí i, false ni idanwo máa jẹ́. Ibi tó wù mí jù nìyí: bí mo bá gbàgbé, ẹ̀dà tí kò léwu ló máa jáde.

Ẹ rántí “ra ilé”. Nígbà tó bá di “ralé”, a ti pa /i/ jẹ, kò dé etí ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni if (idanwo): tó bá ti jẹ́ false, kọ̀mpáílà á pa ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ nígbà tó bá ń ṣe ẹ̀dà release. Bọ́tìnnì náà kò fara pamọ́ sínú fóònù ìyá. Kò débẹ̀ rárá ni. Ẹ má ṣáà yọ const kúrò, torí òun ló jẹ́ kí kọ̀mpáílà mọ ìdáhùn ṣáájú.

Ẹ má sì fi ọ̀nà yìí tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà. Ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ ń bá áàpù lọ, ẹni tó bá tú áàpù wò lè rí i.

Ìyá ti ń bá mi tún àwọn ohùn náà gbà, 23 ló ti dé. Àmọ́ wọ́n ń rọra pe “igba náírà” báyìí, bí ẹni tó ń kàwé fún tíṣà.