Bí Kíbọ́ọ̀dù Aláìlókùn Kò Bá Ṣiṣẹ́ Mọ́

Kí ẹ tó gbé kíbọ́ọ̀dù aláìlókùn lọ sí Àgbowó tàbí Dùgbẹ̀ láti ra òmíràn, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Owó kíbọ́ọ̀dù tuntun kì í ṣe kékeré lásìkò yìí.

Ẹ tún wo ihò USB tí ẹ ki ohun kékeré tó ń gba àmì rẹ̀ bọ̀. Ihò USB 3.0, tó sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù, lè dí ìgbì 2.4 GHz tí irú kíbọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ń lò lọ́wọ́. Ẹ gbé e sí ihò mìíràn.

Bí kò bá yí padà, ẹ fi máòsì ṣí Device Manager, ẹ yọ kíbọ́ọ̀dù náà kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tàn. Windows fúnra rẹ̀ ni yóò dá dráífà padà. Ọ̀dọ̀ Windows Update tàbí iléeṣẹ́ tó ṣe kíbọ́ọ̀dù náà nìkan ni kí ẹ ti gba dráífà tuntun: ayédèrú dráífà lè jí ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì yín.