Làkúrègbé Orí-Eegun: Orúkọ Àìsàn àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí adágún Ìyákẹ́ lórí òkè Adó-Àwáyè yóò gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní 300. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ orúnkún tí ó ń ṣàìsàn. Àgbà tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ebè, tí ó sì ti ru iṣu láti oko wálé, yóò ní làkúrègbé ni ó ń ṣe òun, tàbí àrìnká, tàbí aromọléegun. Àwọn orúkọ wọ̀nyí wúlò, ṣùgbọ́n oríṣìíríṣìí àìsàn ni wọ́n kó pọ̀, ìtọ́jú àwọn àìsàn náà kò sì dọ́gba.

A dábàá pé kí ‘làkúrègbé’ jẹ́ orúkọ gbogboogbò, kí a sì fi ẹ̀yán yà wọ́n sọ́tọ̀. Làkúrègbé ajagun-ara ni èyí tí agbára tí ń dáàbò bo ara fúnra rẹ̀ ń gbógun ti oríkèé. Làkúrègbé oníyọ̀ ni èyí tí ohun kan bí iyọ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀ ń dì sínú oríkèé, pàápàá ti àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Làkúrègbé orí-eegun ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Nínú èyí, ohun rírọ̀ tí ó ń dán, tí ó bo orí eegun níbi tí eegun méjì ti pàdé, ni ó ń fẹ́lẹ́ sí i. Eegun abẹ́ rẹ̀ a máa le, a máa hu ṣóńṣó létí; oríkèé a máa wú nígbà mìíràn.

Ẹlòmíràn lè ní kí a kúkú pè é ní ‘gbígbó oríkèé’. A kò fara mọ́ ọn. Oríkèé kì í ṣe táyà ọkọ̀. Ohun alààyè ni. Ẹni tí a bá sọ fún pé orúnkún rẹ̀ ti gbó yóò jókòó kí ó má baà gbó tán. Bí ó bá sì jókòó, iṣan itan rẹ̀ yóò rọ, ìrora yóò sì pọ̀ sí i.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 528 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ní àìsàn yìí ní 2019. Nínú 100 wọn, nǹkan bí 60 jẹ́ obìnrin. Eré ìmárale ni olórí ìtọ́jú rẹ̀. Kí aláìsàn jókòó sórí àga, kí ó na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, kí ó dá a dúró díẹ̀, kí ó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Kí ó sì máa rìn níwọ̀nba. Kí ẹni tí ó sanra dín ara kù: ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 2005 fi hàn pé bí ènìyàn bá fi kílò 1 fúyẹ́, ẹrù orúnkún rẹ̀ yóò fi kílò 4 dínkù ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ tí ó kọjú sí orúnkún kejì, èyí tí kò dùn, ni a fi ń mú ọ̀pá. Bí a bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tí kò dùn ni ó ń ṣáájú. Bí a bá ń sọ̀kalẹ̀, èyí tí ó ń dùn ni.

Fífi òrí wọ́ orúnkún lè fúnni ní ìtura, ṣùgbọ́n kì í wo àìsàn náà sàn. Oògùn ìrora tí a ń lò láìsinmi lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Bí oríkèé bá ṣàdédé wú, tí ó gbóná, tí ibà sì bá a rìn, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ kíákíá. Bí ìrora kò bá jẹ́ kí ènìyàn lè rìn mọ́, oníṣẹ́ abẹ lè fi oríkèé àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, kí àwa tí a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ máa rántí pé orúkọ tí a bá sọ àìsàn ni aláìsàn yóò fi pinnu bóyá òun yóò dìde rìn tàbí òun yóò jókòó.